Bí Omi Òkun Ṣe Ń Kan Sí I, Kí Ló Ń Ṣe Egungun Iyùn?

Olùkọ́ kẹ́mísírì kan ní Abẹ́òkúta kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 nípa ásíìdì, mo sì sọ fún wọn pé èéfín tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run ń wọ inú òkun, ó ń mú kí omi òkun kan, kò sì jẹ́ kí iyùn dàgbà bó ṣe yẹ. Ọmọ kan bá dìde, ó ní: 'Tíṣà, ṣebí ẹ ní kálísíọ́mù kábọ́nétì ni egungun iyùn, kábọ́ọ̀nù sì wà nínú ìyẹn. Bí kábọ́ọ̀nù bá wá pọ̀ sí i nínú omi, ṣé kì í ṣe pé ohun ìkọ́lé iyùn ló pọ̀ sí i?' N kò rí ìdáhùn tó tẹ́ èmi pàápàá lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi là á yé e. Ní ìparí, ìyá mi fi ọ̀wọ́ iyùn kan sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó lọ. Ṣé òun náà lè yọ́?"

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ aráyé, ẹ sì bá mi kí ọmọ náà dáadáa. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ òkun fi rò pé èéfín kò ní ohun tí yóò fi iyùn ṣe, nítorí pé kálísíọ́mù inú òkun kì í tán, èròjà egungun iyùn sì pọ̀ nínú omi ojú òkun ilẹ̀ olóoru ní ìlọ́po mélòó kan ju ìwọ̀n tí egungun náà fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Ìdáhùn mi ní ṣókí ni pé òótọ́ ni kábọ́ọ̀nù inú omi ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n irú èyí tí iyùn fi ń kọ́lé ń dín kù, bó sì ṣe ń dín kù ni iṣẹ́ ìkọ́lé náà ń gba agbára púpọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹranko tó ń ṣe é. Gbólóhùn yìí ni gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ mi yóò máa tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú láàbù yín. Ẹ mọ láìmù wọ́tà tí a fi ń dán afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì wò. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife gíláàsì, kí ọmọ náà fi sítíróò fẹ́ èémí ẹnu rẹ̀ sínú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí omi tó mọ́ gaara náà yóò fi funfun bí omi ògì. Kálísíọ́mù kábọ́nétì ni funfun yẹn, ohun kan náà tí egungun iyùn jẹ́. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa tí a ń kọ́ni máa ń dúró sí, a ó ní ó parí, a ó da omi náà nù. Ẹ má dà á nù. Ẹ ní kí ọmọ náà máa fẹ́ ẹ lọ. Bí ó bá fẹ́ ẹ pẹ́ tó, funfun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀, omi yóò sì padà mọ́ gaara, bẹ́ẹ̀ èémí kan náà láti ẹnu ọmọ kan náà ló ń wọ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́ ẹfun yẹn, èyí tó tẹ̀ lé e ló tú u ká.

Ìdí rẹ̀ ni pé láìmù wọ́tà kún fún òdìkejì ásíìdì, irú agbára tó wà nínú omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Nígbà tí agbára yẹn ṣì pọ̀, gbogbo kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tó bá wọlé ni ó ń sọ di kábọ́nétì, kálísíọ́mù a sì gbá a mú. Nígbà tí agbára yẹn bá ti tán, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tó ń wọlé kò rí ohun tí yóò tù ú lójú mọ́. Ó di ásíìdì pẹ̀lẹ́, irú èyí tó wà nínú ẹlẹ́rìndòdò, ásíìdì náà a sì dojú kọ kábọ́nétì tó ti wà nílẹ̀, a sọ ọ́ di báìkábọ́nétì. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sára pátákó, bó ṣe rí nìyí: CO₂ + H₂O + CO₃²⁻ → 2HCO₃⁻. Ẹyọ kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì kan wọlé, ẹyọ kábọ́nétì kan pa rẹ́, báìkábọ́nétì méjì ló jáde. Ẹ ní kí ọmọ náà ka kábọ́ọ̀nù tó wà lápá ọ̀tún àti èyí tó wà lápá òsì: kò sí èyí tó sọnù, àní kábọ́ọ̀nù tó wà nínú omi ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kábọ́nétì, tí í ṣe búlọ́ọ̀kù gan-an, ti dín kan.

Ìpele kejì yìí, níbi tí ẹfun ti ń ṣí, ni ọ̀rọ̀ òkun wà. Bí a bá ka ọgọ́rùn-ún kábọ́ọ̀nù tó yọ́ sínú omi ojú òkun lónìí, nǹkan bí àádọ́rùn-ún wà gẹ́gẹ́ bí báìkábọ́nétì, nǹkan bí mẹ́sàn-án jẹ́ kábọ́nétì, èyí tó kù, tí kò ju ẹyọ kan lọ, ni kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì fúnra rẹ̀. Kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú àti epo rọ̀bì ṣe agbára, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì inú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan. Nígbà tí Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní ọdún 1958, ó ti di nǹkan bí 315. Ní ọdún 2024 ó ti lé ní 420. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí a ń tú síta ni òkun ń gbé mì. Ìyẹn ló mú kí òṣùwọ̀n pH omi ojú òkun, èyí tó máa ń bọ́ sílẹ̀ bí omi bá ṣe ń kan sí i, bọ́ láti nǹkan bí 8.2 sí nǹkan bí 8.1. Ẹ̀yin mọ̀ pé òṣùwọ̀n yẹn kì í ka nǹkan ní ení, èjì; ìdá kan nínú mẹ́wàá tó bọ́ yẹn túmọ̀ sí pé áyọ́nù háídírójìn ti fi nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bí èéfín bá ń pọ̀ lọ láìdín kù, pH náà lè bọ́ dé nǹkan bí 7.8 kí ọ̀rúndún yìí tó parí.

Mo fẹ́ kí ẹ tún ohun kan ṣe fún àwọn ọmọ náà. Omi òkun kò di ásíìdì, kò sì sún mọ́ ọn. Ohun tó bá ti ju 7 lọ lórí òṣùwọ̀n yẹn kì í ṣe ásíìdì. Òkun ń kan sí i ní ìtumọ̀ pé ó ń kúrò ní ibi tó wà, ó sì ń lọ sí apá ibi tí ásíìdì wà. Ẹni tó bá ju ìkarahun ìgbín sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, tó sì ní bí iyùn ṣe ń yọ́ nínú òkun nìyẹn, ti ṣe àsọdùn. Ìyà tó ń jẹ iyùn kò ní ariwo bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ẹranko ni iyùn, kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe igi. Ẹ̀dá kékeré rírọ̀ ni, púpọ̀ nínú wọn kò ju orí ìṣáná lọ, ó ní ẹnu kan láàárín, ọwọ́ wẹ́wẹ́ sì yí ẹnu náà ká. Egbèlégbè wọn ló máa ń gbé pọ̀ lórí ilé kan ṣoṣo tí wọ́n jọ kọ́. Àwọn ti ilẹ̀ olóoru ní àlejò nínú ara wọn, ewéko tíntìntín tí ojú kò lè rí, tó ń fi oòrùn se oúnjẹ, tó sì ń fún onílé ní èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Lára owó oúnjẹ yìí ni iyùn ti ń san gbèsè ìkọ́lé, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń kọ́lé ní ọ̀sán ju òru lọ.

Ibi tí iyùn ti ń kọ́lé kì í ṣe inú omi òkun gbangba. Àlàfo tóóró kan wà láàárín ìsàlẹ̀ ara rírọ̀ rẹ̀ àti orí egungun tó ti kọ́ sílẹ̀, omi díẹ̀ ló wà níbẹ̀, inú omi díẹ̀ yìí sì ni kálísíọ́mù àti kábọ́nétì ti ń dì pọ̀ di aragonite. Aragonite ni orúkọ irú kálísíọ́mù kábọ́nétì tí iyùn ilẹ̀ olóoru ń lò. Nígbàkigbà tí iyùn bá yọ kábọ́nétì kúrò lára báìkábọ́nétì, háídírójìn ló máa ń ṣẹ́ kù, bí kò bá sì kó háídírójìn yẹn jáde, iṣẹ́ yóò dúró. Nítorí náà, ó ní ohun kan lára ìṣù ẹran rẹ̀ tó ń ṣe bí ẹ̀rọ ìfami: á fa kálísíọ́mù wọlé, á ti háídírójìn síta, omi inú àlàfo náà a sì wà ní pH tó ga ju ti òkun lọ dáadáa. Agbára ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn ní ìgbà tí èrò pọ̀ níta mọ bí ó ṣe rí: bí háídírójìn bá ti pọ̀ sí i nínú omi òkun, títì síta náà le sí i. Báìkábọ́nétì tí ọmọ yín fẹ́ kí iyùn lò, iyùn ń lò ó lóòótọ́, kò sì fìgbà kan ṣọ̀wọ́n fún un. Kíkó háídírójìn jáde ló ń ná an lówó.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ fi èyí hàn gbangba ni Chris Langdon àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Biosphere 2, ilé gíláàsì ràgàjì kan tó wà ní aṣálẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, tí òkun àtọwọ́dá pẹ̀lú iyùn wà nínú rẹ̀. Wọ́n yí kẹ́mísírì omi náà padà sókè sódò, wọ́n sì rí i pé bí kábọ́nétì bá ti lọ sílẹ̀, ìkọ́lé iyùn náà á lọ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èròjà egungun nínú omi ṣì pọ̀ ju ìwọ̀n tó lè mú un yọ́ lọ. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Joan Kleypas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ irú rẹ̀ ní 1999, lórí ìṣirò.

Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò sọ ohun kan náà. Àwọn iyùn kan dín ìkọ́lé kù púpọ̀, àwọn mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ mira. Ìyẹn rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, ó sì fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ohun tí wọ́n lè gbá mú. Lójú tèmi, ohun tó tú u ni ìgbà tí a dá gígùn egungun yà sọ́tọ̀ kúrò lára kíki rẹ̀. Ẹ wo bíríkìlà tí owó sìmẹ́ǹtì kò tó. Kò ní dín ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù kù, nítorí mọ́ọ̀dù kan náà ló ń lò. Iye ìlà tó ní láti tò náà kò yí padà. Sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ ló máa dín. Ògiri á ga bó ṣe yẹ kó ga, ẹni tó ń kọjá kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fi ọwọ́ ha búlọ́ọ̀kù náà, yóò máa bù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iyùn Porites, irú tó máa ń rí roboto bí àpáta kékeré, tó sì ń ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún. Ó kọ́kọ́ máa ń na ọ̀pá egungun tẹ́ẹ́rẹ́ sókè, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa mú un nípọn. Nínà sókè wà lọ́wọ́ ẹranko náà fúnra rẹ̀, omi òkun kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ níbẹ̀. Mímú un nípọn ló dúró lé kábọ́nétì inú àlàfo tóóró yẹn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Woods Hole ní Amẹ́ríkà, lára wọn ni Anne Cohen, fi èyí lélẹ̀, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé kíkan òkun nìkan lè mú kí kíki egungun Porites dín ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí ọ̀rúndún yìí, bí a bá pín in káàkiri ayé.

Wọ́n kì í méfò o. Iyùn Porites ń kọ àkọsílẹ̀ ọdún rẹ̀ sínú ara rẹ̀ bí igi ti ń ṣe. Wọ́n á fi ẹ̀rọ lu ihò tóóró wọ inú rẹ̀, wọ́n á yọ ọ̀pá egungun gígùn jáde, wọ́n á rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi X-ray yà á: ìlà dúdú, ìlà funfun, méjèèjì jọ jẹ́ ọdún kan. Ènìyàn lè fi ìka ka ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn lórí pátákó kan. Láti inú irú àkọsílẹ̀ yìí ni Weifu Guo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 2020 pé láti ọdún 1950, kíkan omi nìkan ti mú kí egungun Porites tó wà ní Great Barrier Reef, àpáta iyùn ràgàjì tó wà ní Ọsirélíà, fúyẹ́ sí i ní nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó wà ní Òkun Gúúsù Ṣáínà dín ní nǹkan bí ìdá 7. Àwọn tó wà láàárín gbùngbùn Òkun Pàsífíìkì kò fi irú rẹ̀ hàn.

Ọ̀rọ̀ "nìkan" tí mo kọ síbẹ̀ ṣe pàtàkì. Ṣáájú ìyẹn, ní 2009, Glenn De'ath, Janice Lough àti Katharina Fabricius ti yẹ òkìtì Porites 328 wò láti àpáta iyùn 69 ní Great Barrier Reef kan náà, wọ́n sì rí i pé ìkọ́lé iyùn ti fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ láti 1990. Àwọn oníròyìn pariwo pé kíkan òkun ló fà á. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ooru àti kábọ́nétì tó ń dín kù lè jọ lọ́wọ́ sí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ooru máa ń mú kí iyùn lé ewéko tó ń bọ́ ọ jáde kúrò lára, a sì funfun láìkú lójú ẹsẹ̀. Irú ìfunfun bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé ní 1998, ní 2010, láti 2014 dé 2017, àti lẹ́ẹ̀kẹrin, èyí tí NOAA, àjọ tó ń mójú tó òkun àti ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi èwo ló ń pa iyùn jù lọ lónìí olónìí, ooru ni màá wí, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kíkan òkun kì í pani wàràwàrà. Ó ń bu egungun kù lára ẹni tí ooru ti dá dùbúlẹ̀. Àwọn méjèèjì sì tún pàdé nínú ẹ̀rọ ìfami tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀: iyùn tí ewéko rẹ̀ ti lọ kò ní oúnjẹ tí yóò fi tì háídírójìn jáde, àsìkò yẹn gan-an sì ni títì rẹ̀ le jù.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí wọ́n ṣe ní One Tree Island, erékùṣù kékeré kan ní apá gúúsù Great Barrier Reef, nítorí pé wọn kò kó iyùn wọ inú ike. Ibì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé, bí omi òkun bá ti fà sẹ́yìn, omi tó ṣẹ́ kù á máa ṣàn lọ́nà kan ṣoṣo kọjá lórí iyùn láti adágún kan sí èkejì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Rebecca Albright, Ken Caldeira àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé táǹkì kalẹ̀ sí òkè omi náà, wọ́n sì ń tú sódà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ìṣàn náà, sódà kan náà tí àwọn oníṣẹ́ ọṣẹ ń rà lọ́jà, títí kẹ́mísírì omi fi padà súnmọ́ bó ṣe wà kí èéfín tó dé. Wọ́n po aró pupa mọ́ ọn. Aró náà á fẹ́ lójú omi, ṣùgbọ́n iyùn kì í jẹ aró. Nítorí náà, bí sódà àti aró bá jọ dé ìsàlẹ̀ ìṣàn ní ìwọ̀n tí wọ́n fi po wọ́n, iyùn kò lò nínú rẹ̀. Bí sódà bá dín ju bí aró ṣe dín lọ, èyí tó fi dín ni iyùn ti fi kọ́lé. Ó sì dín. Ọjọ́ 22 ni wọ́n fi ṣe é, ìkọ́lé àpáta iyùn náà sì fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún sàn ju ti àwọn ọjọ́ tí wọn kò da sódà sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n padà lọ ṣe òdìkejì rẹ̀, wọ́n tú kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì sínú ìṣàn kan náà dé ìwọ̀n tó ṣeé ṣe kí òkun ní lọ́jọ́ iwájú. Ìkọ́lé lọ sílẹ̀ ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí jáde ní 2018. Ẹ lè sọ fún ọmọ yín pé bí kábọ́ọ̀nù bá jẹ́ oúnjẹ ìkọ́lé ni, òdìkejì gbáà nìyẹn ì bá jẹ́.

Ìdá 34 yẹn kì í ṣe ti iyùn nìkan. Àpáta iyùn dà bí ilé tí àwọn kan ń kọ́ tí àwọn mìíràn ń wó. Iyanrìn kábọ́nétì tó wà láàárín iyùn ń yọ́. Kànrìnkàn òkun àti ewéko kan ń gbẹ́ ihò wọ inú egungun, omi tó kan sí i sì ń mú kí ihò gbígbẹ́ rọrùn fún wọn. Bradley Eyre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní 2018 pé iyanrìn yìí fi ìlọ́po mẹ́wàá gba ipa kíkan omi ju iyùn alààyè lọ, àti pé iyanrìn ọ̀pọ̀ àpáta iyùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ju bó ṣe ń pọ̀ lọ ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí a ti lè fi ojú rí ọjọ́ iwájú, Milne Bay ní Papua New Guinea ni. Kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà ń hó jáde láti inú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun níbẹ̀ nítorí iná abẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà kò gbóná, nítorí náà kò sí pé ooru ló fà á. Katharina Fabricius ló ṣáájú àwọn tó wọ omi lọ wò ó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011. Bí ènìyàn bá ti ń lọ láti ibi tí pH ti jẹ́ 8.1 sí ibi tó ti di 7.8, iyùn ṣì bo ilẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá ya fọ́tò láti òkè lè ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́ka, tó máa ń tan bí igi, tí ẹja kéékèèké ń sá sí abẹ́ wọn, ti ṣọ̀wọ́n. Porites roboto ló gba ilẹ̀ náà, òun náà kò sì tètè dàgbà. Ọmọ iyùn tuntun tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta dín kù. Níbi tí pH bá ti wà lábẹ́ 7.7, kò sí àpáta iyùn mọ́ rárá. Koríko òkun ló ń yọ̀ níbẹ̀, torí pé òun ni ọ̀rọ̀ ọmọ yín bá mu: kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì jẹ́ oúnjẹ fún un ní tòótọ́.

Ọmọ mìíràn lè tún béèrè bóyá omi máa padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Yóò padà, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Òjò ń fọ òkúta, odò ń gbé òdìkejì ásíìdì lára òkúta yẹn lọ sínú òkun. Òkúta Ewékorò tí kò jìnnà sí yín yẹn, inú òkun ló ti dì, nígbà tí omi ṣì bo ibẹ̀ ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 55 ọdún sẹ́yìn. Kálísíọ́mù kábọ́nétì ni, ó bá iyùn tan. Lónìí a ń wa á, a ń sun ún ṣe sìmẹ́ǹtì, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà náà sì ń jáde sójú ọ̀run. Ohun tí òjò ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣe ni a fi ọgọ́rùn-ún ọdún méjì kó wahálà lé lórí. Àwọn kan ń dábàá pé kí á máa da òkúta lílọ̀ tàbí sódà sínú òkun. Ó ṣeé ṣe ní One Tree Island, lórí ilẹ̀ kékeré, fún ọjọ́ 22. N kò rí bí yóò ṣe ṣeé ṣe fún odidi Great Barrier Reef, tó gùn ju 2,000 kìlómítà lọ, láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ dá èéfín dúró.

Iyùn fúnra rẹ̀ kò jókòó lásán. Ní Palau, láàárín àwọn erékùṣù olókùúta tí wọ́n ń pè ní Rock Islands, omi inú àwọn ìyawọ̀ òkun kan ti kan dé ìwọ̀n tí a ń retí ní ọjọ́ iwájú, iyùn oríṣiríṣi sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kò tíì sí ẹni tó rí irú rẹ̀ ní púpọ̀ nínú àwọn ibòmíràn tí omi ti kan bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi Palau nìkan sọ pé gbogbo rẹ̀ yóò dára. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Maoz Fine àti Dan Tchernov, tí wọ́n fi iyùn Òkun Mẹditaréníà sínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.3 sí 7.6 fún ọdún kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Egungun yọ́ tán pátá. Ẹranko náà kò kú; ó jókòó lórí àpáta ní ìhòòhò, rírọ̀, ó tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dá a padà sínú omi tó dára, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ egungun. Iyùn lè yè láìsí ilé, nínú àgbá ilé ìwádìí tí kò ti sí ẹja tó lè jẹ ẹ́. Ẹja tó ń gbé inú ilé yẹn àti etíkun tí ilé yẹn ń dáàbò bò lọ́wọ́ ìgbì ni kò ní ilé mìíràn.

Ẹ má retí pé kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo èyí ní etíkun Èkó tàbí Kútọnu o. A kò ní àpáta iyùn irú ti Ọsirélíà níbẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ àti omi dídùn tí odò ń kó wọ òkun, àti omi tútù tó máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ ní apá Gánà sí Benin. Àwọn iyùn omi tútù wà nínú ibú jíjìn ní etíkun Gánà, Mauritania àti Àǹgólà, níbi tí oòrùn kò dé. Àwọn wọ̀nyẹn kò ní ewéko tó ń bọ́ wọn, kábọ́nétì sì ti ṣọ̀wọ́n nínú omi tútù jíjìn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ó wá ku ọ̀wọ́ iyùn ìyá yín. Bí ó bá jẹ́ iyùn pupa gidi, ìyẹn ni pé kì í ṣe ike tàbí gíláàsì tí wọ́n pa láró bí ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Òkun Mẹditaréníà ló ti wá, ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń kó iyùn wá sí ilẹ̀ wa àti Ìbíní láti ìgbà àwọn Potogí. Mọ̀lẹ́bí àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn ni, ṣùgbọ́n calcite, irú kálísíọ́mù kábọ́nétì mìíràn, tí magnesium wà nínú rẹ̀ ni egungun tirẹ̀, irú èyí tó tètè máa ń yọ́. Kì í fi ìdajì mìlímítà sanra lọ́dún. Èyí tó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan ti lo ju ogún ọdún lọ lábẹ́ omi kí wọ́n tó já a. Wọ́n ti dán iyùn pupa alààyè wò nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 7.8, ìdàgbà rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an.

Èyí tó wà nínú àpótí yín, afẹ́fẹ́ kò lè yọ́ ọ, ì báà ti wù kí kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì pọ̀ tó. Òógùn, lọ́fínńdà, ọtí kíkan àti omi ọsàn ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára kí ẹ lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni, òótọ́ ni pé ojúlówó yóò hó, ṣùgbọ́n ibi tó ti hó yẹn kò ní dán mọ́. Aṣọ rírọ̀ tí ẹ rẹ sínú omi lásán tó fún un. Ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó dá a padà sínú àpótí, kí ẹ sì wo okùn rẹ̀ dáadáa, nítorí okùn ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà.